Àpò Sìmẹ́ǹtì Kan, Kó Tó Dé Ugbonla

Àwọn tó sọ̀rọ̀ ṣáájú ti gba ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń jáde lónìí nímọ̀ràn tó lórí ìwà àti ìforítì. Ọ̀rọ̀ tó kù dá lórí sìmẹ́ǹtì.

Ní Ugbonla àti etí òkun Ìlàjẹ yòókù, pákó àti páànù ni ọ̀pọ̀ ilé, orí òpó igi ni wọ́n sì dúró lé. Ẹni tó bá fẹ́ fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé yóò kó sìmẹ́ǹtì gba èbúté Igbokoda, yóò sanwó alábàárù, owó ọkọ̀ àti ti epo. Tapólì ni wọ́n fi ń bò ó lójú omi. Kílò 50 ni àpò kan. Bí omi bá ráyè wọ inú rẹ̀, kò ní pẹ́ dì bí òkúta, owó olówó ti wọmi nìyẹn. Ẹ lè má rí aṣọ́bodè lójú omi yìí, àmọ́ òfin ibodè ti wà nínú iye tí wọ́n ra àpò náà.

Ọ̀rọ̀ náà kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀: ẹ bi àwọn bàbá àgbà léèrè nípa ọdún 1975. Owó epo rọ̀bì ń ya wọlé, ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon bá lọ ra nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù sìmẹ́ǹtì lókè òkun, ti iléeṣẹ́ ológun nìkan sì tó mílíọ̀nù 16. Èbúté Èkó kò lè já ju bíi mílíọ̀nù kan lọ lọ́dún! Ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkọ̀ tò sójú òkun, wọ́n ń retí àyè, owó ìdádúró ń gorí ara wọn lójoojúmọ́. Wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Gowon lóṣù Keje ọdún yẹn. Nígbà tí owó kò jáde mọ́, Trendtex, iléeṣẹ́ kan láti Switzerland, pe Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà lẹ́jọ́ ní London, àwọn adájọ́, Lord Denning lára wọn, sì sọ lọ́dún 1977 pé báńkì náà kò lè sá sábẹ́ ìjọba láti yẹ ẹjọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá lọ kọ́ òfin nínú yín yóò bá ẹjọ́ náà pàdé.

Ìjọba Ààrẹ Ọbásanjọ́ gba ọ̀nà mìíràn lọ́dún 2002: ẹni tí kò bá ní kọ́ iléeṣẹ́ síbí kò ní rí ìwé àṣẹ láti kó sìmẹ́ǹtì wọlé. Iléeṣẹ́ sìmẹ́ǹtì Ewékorò ti wà láti 1960. Ti Obajana dé, ti Ìbèsè tẹ̀lé e ní 2012. Sìmẹ́ǹtì inú àpò sì wà lára ọjà tí aṣọ́bodè kò gbọ́dọ̀ jẹ́ kó wọlé. Lóṣù Kẹfà 2020, ọkọ̀ òkun kan gbé kílíńkà 27,800 tọ́ọ̀nù kúrò ní Àpápá, ó dorí kọ Senegal. Kílíńkà ni kóro líle tí iná ti yan, tí wọ́n ń lọ̀ di sìmẹ́ǹtì. Ó ń fara da ọ̀rinrin ju sìmẹ́ǹtì lílọ̀ lọ, ó sì yẹ ìrìn òkun.

Iṣẹ́ ńlá ni àwọn oníléeṣẹ́ yìí ṣe, kò ṣeé já ní koro. Ṣé ó wá dínwó fún ẹni tó ń kọ́lé?

Rárá o. Ní oṣù Kejì 2024, àpò kan kọjá N10,000 ní ibi púpọ̀, kí ìjọba àtàwọn oníléeṣẹ́ tó fẹnu kò sí N7,000 sí N8,000. Mínísítà ètò ilégbèé, Ahmed Dangiwa, tilẹ̀ halẹ̀ pé àwọn lè ṣí ibodè fún ti òkè òkun. Àwọn oníléeṣẹ́ ní owó gáàsì, owó dọ́là àti ọ̀nà tó bàjẹ́ ló fà á. Wọn kò purọ́. Àmọ́ níbi tí àwọn tó ń tà kò ti pọ̀, tí ilẹ̀kùn sì wà ní títì, oníbàárà kò ríbi yà sí.

Ilẹ̀kùn ibodè yìí ní ìwé tirẹ̀: láti 2015 ni ECOWAS, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ti ní ìpele owó ibodè márùn-ún, láti òdo dé ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọjà tó bá ti parí ló sábà máa ń san jù. Ìṣòwò ọ̀fẹ́ láàárín àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 2021. Àwọn ọmọ Ìlàjẹ ti mọ omi. Àwọn tó lè ka ìwé owó ibodè láàárín wọn ni kò tíì pọ̀. Iṣẹ́ wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ìṣirò. Kó bẹ̀rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ oníṣòwò kan ní Igbokoda: kó béèrè iye tó ra àpò kan, iye tí ọkọ̀ gbà àti èrè tó fi lé e, kó sì kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé.