Dísẹ́ẹ̀lì Tàbí Pẹtiróòlù? Ìmọ̀ràn Fún Ẹni Tó Fẹ́ Ra Ọkọ̀ Akẹ́rù

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi Ọjọ́ Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Ẹgbẹ́, Minna, Ìpínlẹ̀ Niger)

    

Ìfáàrà

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni mo mú wá síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ẹgbẹ́. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Púpọ̀ nínú wa ló ń ṣiṣẹ́ ìjọba fún ọdún 35 kí a tó fẹ̀yìn tì. Bí owó ìfẹ̀yìntì bá dé, ohun mẹ́ta ló máa ń wá sí wa lọ́kàn: ilé, oko, àti ọkọ̀ tí yóò máa pa owó wọlé. Ọkọ̀ yìí ló ń gba owó lọ́wọ́ wa jù, òun náà la sì máa ń rà láìfi pẹ́ńsù àti ìwé ṣírò. Ẹni kan á ní, “Dísẹ́ẹ̀lì ni kí ẹ rà, kì í bàjẹ́.” Ẹlòmíràn á ní, “Ẹ má ṣe dán an wò, pẹtiróòlù ni.” Ẹni tó ń gbọ́ méjèèjì á wá ra èyí tí ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹ́. Káwí fún ni kó tó dá ni, àgbà ìjàkadì ni. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò ju ọ̀rọ̀ kan lọ: iṣẹ́ tí ọkọ̀ fẹ́ ṣe ló yẹ kó yan ẹ́ńjìnnì fún wa, kì í ṣe òkìkí ẹ́ńjìnnì.

Nígbà tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ó tó ọdún mélòó kan tí ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ àti epo fi ń gba ọwọ́ mi kọjá. Ohun tí mo rí nínú ìwé wọ̀nyẹn wà lára ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ.

Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ojú irin ló kó ọ̀pọ̀ bàbá wa wá sí Minna. Ní nǹkan bí ọdún 1911 sí 1912 ni ojú irin tó ti Èkó bọ̀ pàdé èyí tó ti Baro lọ sí Kano ní agbègbè yìí. Ọkọ̀ olóoru tó ń jẹ èédú ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Nígbà tí wọ́n pa á tì, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, kì í ṣe ti pẹtiróòlù. Kí ló fà á?

Ọmọ Jámánì kan, Nikolaus Otto, ló ṣe irú ẹ́ńjìnnì tí pẹtiróòlù ń lò títí dòní, ní ọdún 1876. Rudolf Diesel gba ìwé àṣẹ fún tirẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1892, ó sì ṣe èyí tó ṣiṣẹ́ dáadáa ní ìlú Augsburg ní ọdún 1897. Nínú ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù, epo àti atẹ́gùn máa ń pò pọ̀, ẹ́ńjìnnì á fún wọn pọ̀ dé bí ìlọ́po 10, pulọ́ọ̀gì á wá ṣá iná sí i. Ti dísẹ́ẹ̀lì kò rí bẹ́ẹ̀. Atẹ́gùn nìkan ló ń fún pọ̀, dé bí ìlọ́po 15 sí 20, títí atẹ́gùn náà yóò fi gbóná bí iná. Nọ́sù á wá fín epo sí i, epo náà á sì gbaná fúnra rẹ̀. Nítorí náà ni irin rẹ̀ fi nípọn, tó wúwo, tí owó rẹ̀ sì ga.

Èrè ibẹ̀ ni pé dísẹ́ẹ̀lì ń fa ẹrù láìsáré. Ẹ jẹ́ ká mú Toyota Hilux tí gbogbo wa mọ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù rẹ̀ tó jẹ́ lítà 2.7 ní agbára ìfà tó tó 245 lórí òṣùwọ̀n newton-mítà, ó sì gbọ́dọ̀ yí tó bí ìgbà 4,000 ní ìṣẹ́jú kan kí ó tó yọ gbogbo rẹ̀ jáde. Dísẹ́ẹ̀lì lítà 2.4 tó kéré sí i ní èyí tó tó 400, bí ìgbà 1,600 sí 2,000 péré ló sì ń yí. Ẹni tó bá ti kó iṣu gun òkè rí á mọ ohun tí mo ń wí: ọkọ̀ pẹtiróòlù á máa ké, awakọ̀ á máa wá gíà kékeré, ti dísẹ́ẹ̀lì á máa lọ ní tirẹ̀. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan tún ní agbára tó ju ti pẹtiróòlù lọ ní bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kì í sì í fi ṣòfò tó bẹ́ẹ̀.

Dísẹ́ẹ̀lì àná kì í ṣe dísẹ́ẹ̀lì òní

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi fetí sí dáadáa. Nígbà tí a bá ní dísẹ́ẹ̀lì kì í bàjẹ́, Mercedes 911 àti irú rẹ̀ ló wà lọ́kàn wa. Òótọ́ ni pé àwọn wọ̀nyẹn le. Mẹkáníìkì lè tú pọ́ńpù wọn sábẹ́ igi ọdán, kó fọ̀ ọ́, kó tò ó padà, kí ọkọ̀ sì máa lọ.

Èyí tí wọ́n ń ṣe láti nǹkan bí ọdún 2000 yàtọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń darí rẹ̀. Agbára tó fi ń ti epo gba ẹnu nọ́sù ju ìlọ́po 500 agbára atẹ́gùn inú táyà lọ. Ihò ẹnu nọ́sù náà kéré débi pé ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Omi díẹ̀ tàbí ìdọ̀tí díẹ̀ nínú epo, nọ́sù ti lọ nìyẹn, àti mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Owó tí wọ́n fi ń pààrọ̀ wọn lè tó owó ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù tòkunbọ̀ kan. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ṣèèṣì da pẹtiróòlù sínú táńkì rẹ̀, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n ṣíná sí i rárá. Epo dísẹ́ẹ̀lì ni pọ́ńpù náà fi ń para bí òróró. Pẹtiróòlù á fọ òróró yìí kúrò, irin á sì máa ha irin.

Mo rántí ọ́fíìsì kan tí n kò ní dárúkọ. Ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì tuntun ni wọ́n rà, iṣẹ́ tí wọ́n sì fún un kò ju kí ó máa ti Tunga lọ sí Bosso, kí ó gbé fáìlì, kí ó padà. Inú kẹ́ẹ̀gì ni wọ́n ń tọ́jú epo rẹ̀ sí, lẹ́yìn jẹnẹrétọ̀. Kò pé ọdún méjì tí nọ́sù fi kú. Ní ọdún kan náà, ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì irú rẹ̀ gan-an wà tó ń lọ sí Kontagora àti New Bussa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èyí kò ní ju ìpààrọ̀ fíltà àti òróró lọ. Ẹ́ńjìnnì kan náà ni. Iṣẹ́ àti ìtọ́jú ló yàtọ̀.

Ọ̀rọ̀ owó epo

Nígbà kan, pẹtiróòlù ní owó ìrànwọ́ ìjọba, dísẹ́ẹ̀lì kò ní. Nígbà tí ogun Ukraine bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2022, dísẹ́ẹ̀lì fò kọjá náírà 700 nígbà tí pẹtiróòlù kò tíì tó 200. Ẹni tó ní dísẹ́ẹ̀lì nígbà náà sunkún. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ ti lọ. Pẹtiróòlù bọ́ sí bí 500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, nígbà tó sì fi di oṣù kẹwàá ọdún 2024, ó ti wọ bí 1,000. Ilé iṣẹ́ ìfọpo Dangote bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe dísẹ́ẹ̀lì ní oṣù kìíní ọdún 2024, ó sì gbé iye tó ń tà á wálẹ̀ sí 1,000 ní oṣù kẹrin. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ ni pé ká má ṣe fi owó epo ọjọ́ kan ra ọkọ̀ ọdún mẹ́wàá. Àlàfo tó wà láàárín epo méjèèjì ni kí á máa wò.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni o. Ẹ fi iye ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ rà á rọ́pò rẹ̀. Ká ní ọkọ̀ pẹtiróòlù ń mu lítà 14 ní 100 kìlómítà, ti dísẹ́ẹ̀lì ń mu 10. Ká ní pẹtiróòlù jẹ́ náírà 900, dísẹ́ẹ̀lì jẹ́ 1,100. Pẹtiróòlù á ná wa ní 12,600, dísẹ́ẹ̀lì á ná wa ní 11,000. Èrè jẹ́ 1,600 ní 100 kìlómítà, ìyẹn náírà 16 ní kìlómítà kan. Bí ọkọ̀ dísẹ́ẹ̀lì bá fi náírà mílíọ̀nù 3.2 wọ́n ju èkejì lọ, a gbọ́dọ̀ rin 200,000 kìlómítà kí owó yẹn tó padà.

Ẹni tó ń rin 15,000 lọ́dún láàárín ìlú á lò ju ọdún 13 lọ. Ẹni tó ń rin 50,000 lọ́dún, tó ń gba Bida, Mokwa àti Jebba lọ sí Ilorin àti Ìbàdàn, á gba owó rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin. Bí epo méjèèjì bá sì jẹ́ 1,000 bákan náà, èrè á di náírà 40 ní kìlómítà kan, 80,000 kìlómítà á sì ti tó: kò ní pé ọdún méjì fún ẹni ọ̀nà jíjìn, ṣùgbọ́n ó ju ọdún márùn-ún lọ fún ẹni inú ìlú. Bí ẹrù bá wúwo, àlàfo náà á tún fẹ̀ sí i, nítorí ẹrù máa ń mú kí pẹtiróòlù jẹun ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀nà kan kò wọjà. Láti ọdún 2023 ni ìjọba àpapọ̀ ti ń polongo gáàsì inú ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní CNG. Ó rọrùn láti yí ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù padà sí i, nítorí pé ó ní pulọ́ọ̀gì tí yóò ṣá iná. Dísẹ́ẹ̀lì kò ní, nítorí náà ìyípadà tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó fi ìyẹn ṣe ìdí, ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ ó ti máa rọ gáàsì náà lójú ọ̀nà yín.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti owó nìkan. Ní ọjọ́ 18 oṣù kìíní ọdún 2025, ọkọ̀ agbépo kan dànù ní Dikko, lẹ́bàá Suleja, nínú ìpínlẹ̀ wa níbí. Àwọn ènìyàn lọ ń gbọ́n pẹtiróòlù, iná sọ, ó sì ju 80 ènìyàn lọ tó kú. Kí Ọlọ́run tu àwọn ẹbí wọn nínú. Òórùn pẹtiróòlù nìkan ti tó láti gbaná, kódà níbi tí ó tutù. Dísẹ́ẹ̀lì gbọ́dọ̀ gbóná kọjá bí 50 lórí òṣùwọ̀n Celsius kí èéfín rẹ̀ tó lè gbaná. Nítorí náà, ẹni tó bá ní ọkọ̀ pẹtiróòlù kò gbọdọ̀ gbé kẹ́ẹ̀gì epo sẹ́yìn ọkọ̀, kò sì gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ sínú ilé. Ṣùgbọ́n èéfín ẹnu ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì náà kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró: ní ọdún 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí àrùn jẹjẹrẹ lábẹ́ àjọ ìlera àgbáyé kà á mọ́ ohun tó ń fa àrùn náà. Ẹ má ṣe ta ẹ̀wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń ṣiṣẹ́.

Bákan náà, kí ẹ́ńjìnnì lè fa ẹrù kò ní kí búréèkì lè dá a dúró. Hilux kò ṣe ju bí tọ́ọ̀nù kan lọ. Bí ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bá fa tọ́ọ̀nù méjì láìmí, táyà àti sípíríìngì kò gbọ́ èdè ìyẹn.

Kí ni kí á ṣe?

Bí iṣẹ́ bá jẹ́ ẹrù wúwo àti ọ̀nà jíjìn, bí iṣu láti Paiko tàbí ìrẹsì láti Bida lọ sí ilẹ̀ Yorùbá, dísẹ́ẹ̀lì ni. Bí ó bá jẹ́ inú ìlú, oko tó wà nítòsí, ìjáde ẹbí àti ẹrù díẹ̀, pẹtiróòlù ni.

Ẹni tó bá mú dísẹ́ẹ̀lì, kí ó ní ilé epo kan tó gbẹ́kẹ̀ lé. Kí ó máa tú omi ìdí fíltà dànù lóòrèkóòrè. Kí ó wá mẹkáníìkì tó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò kí ó tó ra ọkọ̀, kì í ṣe lẹ́yìn tí ó bá dákú. Lẹ́yìn ìrìn líle, kí ó jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì mí díẹ̀ kí ó tó pa á, nítorí tọ́bò.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ lọ ní òwúrọ̀ kí wọ́n tó ṣíná sí i. Bí èéfín rẹ̀ bá dúdú, epo ti pọ̀ ju atẹ́gùn lọ. Bí ó bá funfun tí kò sì dáwọ́ dúró, epo kò jóná tán tàbí omi ń wọlé. Bí ó bá ní àwọ̀ aró, òróró ẹ́ńjìnnì ló ń jó. Ẹ ṣí ìdérí òróró nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Bí èéfín bá ń tú jáde níbẹ̀ bí ìkòkò tó ń hó, ẹ dágbére fún ẹni tó ń tà á.

Ìkádìí

Ẹ̀yin ènìyàn mi, àjẹìwẹ̀yìn kò dára fún owó tí a fi ọdún 35 kó jọ. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ jókòó pẹ̀lú ìyàwó tàbí ọkọ yín àti ọmọ yín tó mọ ìṣirò. Ẹ kọ ohun mẹ́rin sílẹ̀: ẹrù tí ẹ fẹ́ gbé, kìlómítà tí ẹ ó rìn lọ́dún, àlàfo owó epo, àti mẹkáníìkì tó wà nítòsí. Ìwé yẹn ló máa sọ irú ọkọ̀ tí ó tọ́ sí yín, ẹ má sì jẹ́ kí ọlọ́jà ọkọ̀ sọ ọ́ fún yín.

Olúwa kò ní jẹ́ kí á ra ẹ̀dùn ọkàn. Ọ̀nà á máa là fún wa o.