Ẹni Tí Ó Gbé Ẹ̀kọ́ Lọ Sí Oko
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ọdọọdún ẹgbẹ́ wa)



Kí a tó dé orí ọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn, ẹ jẹ́ kí a sọ ti oko. Ní ayé àwọn baba wa, bí a bá dáko tán, a ó fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ fún igbó títí agbára rẹ̀ yóò fi padà. Nísinsìnyí ẹ̀gẹ́ ni a ń gbìn tẹ̀lé ẹ̀gẹ́, nítorí pupuru kò gbọdọ̀ wọ́n nílé Ìkálẹ̀. Ilẹ̀ wa sì jẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn. Kì í pẹ́ ṣá.

Ẹnìkan ti bá irú ìṣòro yìí jà rí. Inú oko ẹrú ni a bí George Washington Carver sí ní Missouri, ní Amẹ́ríkà. Ní 1896 ó gba oyè ẹlẹ́ẹ̀kejì nínú ìmọ̀ ọ̀gbìn ní Iowa, ó sì lọ ń kọ́ni ní Tuskegee ní Alabama, títí ó fi kú ní 1943. Òwú tẹ̀lé òwú ni àwọn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ ń gbìn, títí ilẹ̀ wọn fi gbó. Carver ní kí wọ́n máa fi ẹ̀wà àti ẹ̀pà gba ipò òwú, nítorí pé kókó wẹ́wẹ́ ara gbòǹgbò wọn a máa fa oúnjẹ ilẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́. Nígbà tí àgbẹ̀ kò ráyè wá sí ilé-ẹ̀kọ́, ní 1906 a di irinṣẹ́ àti irúgbìn sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ẹranko ń fà, a sì gbé e bá wọn ní abúlé. (Àwọn kan a máa wí pé òun ni ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀pà lílọ̀ tí a fi ń jẹ búrẹ́dì. Kò rí bẹ́ẹ̀; iṣẹ́ rẹ̀ ju ìyẹn lọ.)

Tuskegee kan náà rán àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí Tógò ní ìbẹ̀rẹ̀ 1901, lábẹ́ ìjọba Jámánì, kí wọ́n wá kọ́ àwọn Ewe ní òwú gbígbìn. James Calloway ni olórí wọn. Àwọn ẹranko tí wọn ìbá fi túlẹ̀ ṣàìsàn kú. John Robinson dá ilé-ẹ̀kọ́ òwú sílẹ̀ ní Notsé ní 1904. Odò Mono ni ó gbé e lọ ní 1909. Àwọn Ewe ti ń gbin òwú láàárín iṣu àti àgbàdo wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n òwú ni ìjọba ń wá, tipátipá ni a sì fi ń kó àwọn ọ̀dọ́ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Lójú tiwa, ìmọ̀ Tuskegee dé Tógò. Sùúrù Carver kò rí ọkọ̀ wọ̀.

Ẹ̀wà tí Carver fi wo ilẹ̀ sàn, ọmọ Áfíríkà ni. Ọkọ̀ ẹrú ni ó bá kọjá òkun. Ní Ìbàdàn, ilé ìwádìí IITA, tí a dá sílẹ̀ ní 1967, tọ́jú oríṣi rẹ̀ tí ó lé ní 15,000.

Nítorí náà a bẹ ẹgbẹ́ kí ó ya ilẹ̀ kékeré kan sọ́tọ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, níbi tí gbogbo ènìyàn yóò ti máa rí i. Kí a gbin ẹ̀gẹ́ tẹ̀lé ẹ̀gẹ́ sí apá kan. Kí a gbin ẹ̀pà sí apá kejì kí ẹ̀gẹ́ tó tẹ̀lé e. Kí a má fi ipá mú ẹnikẹ́ni. Àwọn ìyá tí ń ṣe pupuru ni kí ó wá wọn ìkórè apá méjèèjì, kí wọ́n sì dájọ́. Ẹ̀yin ará ẹ̀yìn odi, owó irúgbìn ni a ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Ẹ jọ̀wọ́, kí ó dé ọwọ́ akápò kí òjò àkọ́rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀.