Akéde Tí A Kò Mọ Ẹni Tí Ó Rán An



Ní ayé àtijọ́, bí ọ̀rọ̀ kan bá wà tí ó kan gbogbo ìlú, akéde ni í lu agogo láti àdúgbò dé àdúgbò. Tọmọdé tàgbà ni ó mọ akéde náà. Wọ́n mọ ilé baba rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ọba àti àwọn ìjòyè ni ó rán an níṣẹ́. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá di irọ́, a mọ ilé tí a ó lọ. Bákan náà ni ẹni tí ó gbé àrokò láti ìlú kan sí èkejì: kò gbọdọ̀ yọ owó ẹyọ kan kúrò, kò sì gbọdọ̀ fi ẹyọ kan kún un, nítorí ogun lè ti ibẹ̀ dé.

Lẹ́yìn akéde ni ìwé ìròyìn dé. Ní 1859 ni Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta ní èdè Yorùbá. Asọ̀rọ̀mágbèsì tẹ̀lé e. Nígbà tí ó sì di 1959, amóhùnmáwòrán bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn. Ọ̀nà wọ̀nyí yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n ohun kan pa wọ́n pọ̀: olóòtú kan jókòó lẹ́nu ọ̀nà tí ó ń wo ọ̀rọ̀ tí ń kọjá, a sì lè pè é lẹ́jọ́ bí ó bá ṣì í ṣe.

Ṣùgbọ́n nígbà tí tẹlifóònù alágbèéká bẹ̀rẹ̀ sí tàn ká Nàìjíríà ní 2001, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wọ inú rẹ̀ lẹ́yìn náà, gbogbo ènìyàn di akéde. Ohun rere ni èyí. Ọmọ tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ń rí ojú ìyá rẹ̀ ní Ìlọrin. Aránṣọ ní Aba ń ta ẹ̀wù fún oníbàárà ní Kánò láì kúrò ní ìsọ̀ rẹ̀. Aráàlú tí kò lè rí gómìnà bá sọ̀rọ̀ ń kọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀ síbi tí gbogbo ayé yóò ti kà á. Síbẹ̀, agogo tí ó bọ́ sọ́wọ́ gbogbo ènìyàn yìí kò ní ẹni tí ń dáhùn fún un. Gbólóhùn kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi sí ìparí iṣẹ́ tí wọ́n ń jẹ́ lórí WhatsApp: "Bí mo ṣe gbà á ni mo ṣe fi ránṣẹ́." Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, ẹ má ṣe bi mí léèrè. Ẹni tí ó gbé àrokò kò ní irú àwáwí bẹ́ẹ̀.

OMI IYỌ̀

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní 2014. Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún náà ni ọkùnrin kan tí ó ti Làìbéríà wá gbé àrùn Ebola wọ Èkó. Ẹ̀rù ba gbogbo orílẹ̀-èdè. Nígbà tí ó di ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ, kí ilẹ̀ tó mọ́, iṣẹ́ kan ti ń ti orí tẹlifóònù kan bọ́ sórí òmíràn pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀, kí ó sì mu nínú rẹ̀, kí Ebola má baà mú un. Ìyá jí ọmọ, àbúrò jí ẹ̀gbọ́n. Kì í ṣe ìkórìíra ni ó mú kí wọ́n máa pe ara wọn, ìfẹ́ ni. Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i pé ó kéré tán, ènìyàn méjì ni ó kú nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu.

Kí ni ó ṣẹ́gun irọ́ náà? Ìjọba kò ti tẹlifóònù ẹnikẹ́ni pa. Àwọn oníṣègùn àti ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ìlera jáde lójú ẹsẹ̀, wọ́n sọ pé irọ́ ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera rìn láti ilé dé ilé, ìbẹ̀wò wọn lé ní 18,000, wọ́n ń bá àwọn tí ó ti fara kan aláìsàn sọ̀rọ̀ lójúkojú. Dókítà Ameyo Adadevoh, tí ó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ náà jáde ní ilé ìwòsàn, fi ẹ̀mí ara rẹ̀ dí i. Ènìyàn 8 ni àrùn náà pa. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá 2014, a kéde pé Nàìjíríà ti bọ́. Òtítọ́ tí ó tètè dé ni ó bá irọ́ jà.

ÌLẸ̀KÙN TÍ A TÌ

Ọdún méje lẹ́yìn èyí, àwọn aláṣẹ lo oògùn mìíràn. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹfà 2021, Twitter, tí ń jẹ́ X lónìí, pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ rẹ́. Ní ọjọ́ 4 oṣù náà, ìjọba kéde pé òun ti dá Twitter dúró ní Nàìjíríà. Ohun tí ó pa ọ̀pọ̀ lẹ́rìn-ín ni pé orí Twitter kan náà ni ilé iṣẹ́ ìjọba gbé ìkéde náà sí. Títí di ọjọ́ 13 oṣù Kìíní 2022 ni ìlẹ̀kùn náà fi wà ní títì. Àwọn ọlọ́gbọ́n ọ̀dọ́ wá ọ̀nà ẹ̀bùrú gbà wọlé. Ṣùgbọ́n oníṣòwò kékeré tí ń ti ibẹ̀ rí oníbàárà, tí kò sì mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú, ni ó jìyà. Ní ọjọ́ 14 oṣù Keje 2022, Ilé-ẹjọ́ ECOWAS dájọ́ pé ohun tí ìjọba ṣe lòdì sí òfin.

Àṣà yìí kò bẹ̀rẹ̀ lónìí. Ní 1903, ìjọba amúnisìn ní Èkó ṣe òfin pé ẹni tí ó bá fẹ́ tẹ ìwé ìròyìn gbọ́dọ̀ fi £250 ṣe onídùúró. Ní 1984, lábẹ́ Òfin Nọ́ńbà 4 ti àwọn ológun, a ju Tunde Thompson àti Nduka Irabor, akọ̀ròyìn The Guardian, sẹ́wọ̀n ọdún kọ̀ọ̀kan. Lábẹ́ òfin náà, bí ọ̀rọ̀ tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́, bí ó bá ti tàbùkù aláṣẹ, ẹ̀ṣẹ̀ ni.

Àwọn aládùúgbò náà ṣe irú rẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2017, nígbà tí àwọn ènìyàn ń wọ́de ní Tógò, ìjọba ibẹ̀ pa íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-ẹjọ́ ECOWAS sì dá a lẹ́bi ní 2020. Ní Bẹ̀nẹ̀, ọjọ́ ìdìbò gan-an, ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin 2019, ni a pa á. Ti Gáḿbíà ni ó kún fún ẹ̀kọ́ jù lọ. Níbẹ̀, òkúta róbótó ni olùdìbò ń jù sínú àgbá. Nígbà ìdìbò ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 2016, Yahya Jammeh pa íntánẹ́ẹ̀tì. Síbẹ̀, a ka òkúta náà, Adama Barrow sì wọlé. Pípa ẹnu kò yí iye òkúta padà.

OHUN TÍ Ó YẸ

Ẹnìkan lè bèèrè pé: ṣé kí a wá jẹ́ kí irọ́ máa pa ènìyàn ni? Rárá o. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ dá ìjà sílẹ̀ láàrin ẹ̀yà méjì, tàbí tí ó ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́, kí a gbé e lọ sí ilé-ẹjọ́. Olè ni à ń mú. A kì í tìtorí olè kan tú ọjà ká.

Nǹkan kan sì wà tí àwọn aláṣẹ àti àwọn ọ̀mọ̀wé gbàgbé. Irọ́ omi iyọ̀ kò dúró lórí èdè Gẹ̀ẹ́sì. Irọ́ gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ Haúsá, ó gbọ́ Ígbò. Ó mọ òwe pa, ó sì mọ bí a ti ń kí ìyá àgbà. Òtítọ́ ni ó jókòó sí ọ́fíìsì, tí ó wọ kóòtù, tí ó ń fi Gẹ̀ẹ́sì ìjọba sọ̀rọ̀. Bí ìyá àgbà bá gba èyí tí ó yé e gbọ́, ta ni ó jẹ̀bi? Ìkéde tí ó kan ẹ̀mí ènìyàn gbọ́dọ̀ jáde ní èdè àwọn ènìyàn ní wákàtí kan náà tí ó jáde ní Gẹ̀ẹ́sì. Iṣẹ́ àwọn ògbufọ̀ àti akọ̀ròyìn ni èyí, iṣẹ́ ńlá sì ni.

Ti aráàlú kù. WhatsApp ti dín iye ibi tí a lè ta àtaré ọ̀rọ̀ sí kù, ní 2019 àti ní 2020, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò mọ òtítọ́ yàtọ̀ sí irọ́. Àwọn àgbà ní, agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kí olúkúlùkù bèèrè ohun mẹ́ta kí ó tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́: Ta ni ó kọ́kọ́ sọ ọ́? Ìgbà wo ni ó ṣẹlẹ̀? Ta ni ó tún jẹ́rìí sí i? Bí kò bá rí ìdáhùn, kí ó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà kú sọ́wọ́ òun.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó mu omi iyọ̀ ní 2014 kò ní ogún ọdún láti fi dúró dè é. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí òtítọ́ tètè jáde nílé, kí ẹnikẹ́ni má sì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn.