Títò àti Títọ́ Ọkọ̀ Eré-ìje Kékeré

Bí ó bá ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu pé olùkọ́ èdè ni a ní kí ó wá sọ̀rọ̀ nípa ọkọ̀ tí rédíò ń darí, ẹnu ya èmi náà nígbà tí ìwé ìpè tẹ̀ mí lọ́wọ́. Àmọ́ ọkọ̀ tí mo gbé wá yìí kì í ṣe irú èyí tí a ń rà fún ọmọdé lọ́jọ́ ọdún, tí yóò ti dákẹ́ kí a tó jẹ ẹran ọdún tán. Ọkọ̀ eré-ìje ni. Bí ọkọ̀ gidi bá gùn ní mítà 4.5, sẹ̀ǹtímítà 45 ni tirẹ̀, ìdámẹ́wàá géérégé. Wẹ́wẹ́ ni ó ń bọ̀ nínú páálí. Ẹni tí ó ni ín ni yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó.

Àbúrò mi tí ń gbé ní London ni ó fi í ránṣẹ́ sí ọmọ mi nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́tàlá. TT-02 ni orúkọ tí ilé-iṣẹ́ Tamiya, ní ìlú Shizuoka ní ilẹ̀ Japan, fún irú rẹ̀, ọdún 2013 ni wọ́n sì kọ́kọ́ gbé e jáde. Ilé-iṣẹ́ náà kì í ṣe ọmọdé nínú iṣẹ́ yìí, nítorí láti ọdún 1976 ni wọ́n ti ta ọkọ̀ àkọ́kọ́ wọn tí rédíò ń darí, èyí tí wọ́n fi ṣe àwòkọ Porsche 934. Ìmọ̀ tí ó wà nídìí rẹ̀ tilẹ̀ dàgbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 1898 ni Nikola Tesla ti fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan han àwọn èrò ní Madison Square Garden ní New York, tí ọkọ̀ náà ń yà sí ibi tí ó bá fẹ́ láìsí okùn kankan tí ó so wọ́n pọ̀.

A kò tíì fọwọ́ kan ìdè kan ṣoṣo tí ọ̀rọ̀ èdè fi dé. Ìwé ìtọ́ni wà nínú páálí. Èdè Japan, Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì àti Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́. Mo bá ọmọ náà ṣe àdéhùn pé Yorùbá ni a óò fi tò ó. Ẹ wo ibi tí mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀. Ohun tí iná ń yí, tí ó sì ń yí táyà, mọ́tò ni Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Bẹ́ẹ̀ lẹ́nu tiwa, mọ́tò ni odindi ọkọ̀. Bí mo bá ní kí ọmọ dè mọ́tò mọ́ mọ́tò, kí ni mo sọ? A fi ẹ́ńjìnnì pè é, a sì rékọjá. Nígbà tí a dé orí ohun tí à ń fi ọwọ́ dì mú láti pàṣẹ fún ọkọ̀, mo fi iṣẹ́ mi hàn: mo pè é ní afọ̀ránṣẹ́. Mo pe ìkejì rẹ̀ tí ó wà nínú ọkọ̀ ní agbàránṣẹ́. Ọmọ náà wò mí, ó ní, "Bàbá, ṣé kì í ṣe ẹnu àti etí nìyẹn?" Láti ọjọ́ náà, ẹnu àti etí ni wọ́n ń jẹ́ nílé wa. Ẹ̀rọ kékeré tí ń yí táyà iwájú sọ́tùn-ún sósì, ọrùn-ọwọ́ ni ó pè é. Èyí tí ń díwọ̀n iná tí ẹ́ńjìnnì ń gbà láti inú bátìrì, ọ̀fun ni. Oyè ọ̀mọ̀wé tí mo gbà kò ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀ rárá.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí sì ṣiṣẹ́. Òfin kan wà pé ẹnu ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tàn kí a tó tan ọkọ̀, àti pé bí a bá ṣe tán, ọkọ̀ ni a ó kọ́kọ́ pa. Ọmọdé tí ó mọ̀ pé etí tí ó ṣí sílẹ̀ láìsí ẹnu tí ń bá a sọ̀rọ̀ lè gbọ́ ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀, kò ní gbàgbé òfin náà. Nígbà tí wọ́n ń lo ìgbì 27 megahertz, ó ṣeé ṣe kí ọkọ̀ ẹni máa gbọ́ràn sí ẹlòmíràn lẹ́nu. Àwọn ti òde òní tí ń lo 2.4 gigahertz mọ ohùn olówó wọn, ṣùgbọ́n òfin náà kò yí padà.

Títò rẹ̀ gba ọjọ́ Sátidé méjì. Ìdè ni ó kọ́kọ́ kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ike ni ṣásì ọkọ̀ náà, bí a bá sì fún ìdè jù nínú ike, ihò rẹ̀ yóò fẹ̀, ìdè yóò máa yí lófo títí ayé. Orí ìdè àwọn ará Japan kò sì fi bẹ́ẹ̀ bá irin ìtúdè tí ó wọ́pọ̀ mu, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbélébùú ni àwọn méjèèjì. A ti ba orí ìdè mẹ́ta jẹ́ kí a tó fura. Ọ̀kan nínú ohun tí a rà kún un ni bíárìn onírin, tí a fi rọ́pò àwọn òrùka ike tí ó bá páálí wá. Mo gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kí ó ṣe bẹ́ẹ̀ kí ó tó ná kọ́bọ̀ sórí ohun mìíràn. Ara ọkọ̀ nìkan ni kò fún wa ní wàhálà. Ike tí ó mọ́ gaara bíi gíláàsì ni, inú rẹ̀ ni a sì ń kùn, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀dà tí a bá kọ́kọ́ kùn ni ojú ayé yóò rí.

Nígbà tí a rò pé a ti parí, a ki bátìrì fóòtì 7.2 bọ̀ ọ́, ọmọ fi ẹnu pàṣẹ, ọkọ̀ náà sì dúró gbọn-in, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí otútù mú. Àpótí jíà méjì ni ó wà lára rẹ̀, ọ̀kan níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, ṣáfùtù gígùn kan ni ó sì so wọ́n pọ̀. A ti gbé jíà tí ń pín agbára fún táyà ọ̀tún àti òsì sí ti iwájú lódì. Táyà ẹ̀yìn ń lọ, ti iwájú ń bọ̀. Àwa ni a jẹ̀bi. Àwòrán inú ìwé ṣe kedere, ojú wa ni kò ríran. Aago mọ́kànlá alẹ́ ni a tú u palẹ̀.

Ọ̀rọ̀ eré wá kàn. Jíà kékeré tí ó wà lórí ẹ́ńjìnnì ní eyín 22, èyí tí ó ń yí ní eyín 70. Bí a bá fi 22 pín 70, tí a sì sọ èsì rẹ̀ di ìlọ́po 2.6 nítorí àwọn jíà yòókù, 8.27 ni a ó rí, ìyẹn ni pé ẹ́ńjìnnì yóò yí ju ìgbà mẹ́jọ lọ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. Ká ní ẹ́ńjìnnì ń yí ní ìgbà 15,000 ní ìṣẹ́jú kan, tí ìyípo táyà sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 20, ọkọ̀ náà yóò sá tó kìlómítà 22 ní wákàtí kan. Ọmọ mi fẹ́ eré. A yọ jíà eléyín 22, a fi eléyín 25 sí i, 8.27 di 7.28. Lórí ìwé, ọkọ̀ náà ti di ẹni tí ń sá kìlómítà 25. Lójú ọ̀nà, kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí a kò lè fọwọ́ kàn án, nítorí ẹrù rẹ̀ wúwo sí i, iná tí ó ń fà sì pọ̀ sí i, bí ẹni tí ó fi jíà ńlá gun kẹ̀kẹ́ lọ sórí òkè. A dá 22 padà. Ọmọ náà ṣírò rẹ̀ fúnra rẹ̀ kí ó tó gbà. Ẹ̀yin olùkọ́ ìṣirò yóò mọ̀ pé èyí kò kéré.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí ó gbé mi wá gan-an. Títò ni mo ti ń sọ bọ̀. Títọ́ ni ó le. Àgbàlá wa onísìmẹ́ńtì ni a fi ṣe ọ̀nà eré-ìje, a to sálúbàtà ògbólógbòó sí kọ́ọ̀nà mẹ́rin. Ọmọ ń wakọ̀, èmi ń tún un ṣe. Bí ó bá ti sá yí i ká díẹ̀, yóò gbé e wá fún mi, yóò ní, "Kò gbọ́ràn." Mo mú kí sìpíríǹgì iwájú rọ̀. Ó lọ, ó bọ̀, "Kò gbọ́ràn." Mo tún mú kí ó rọ̀ sí i. Ó burú sí i. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta ni a fi ṣe èyí, a sì ti ń bá ara wa bínú.

Ní ọjọ́ kẹrin mo jókòó sórí àpótí, mo kàn ń wò. Mo wá rí i pé àìsàn méjì ni ọmọ náà ń fi orúkọ kan ṣoṣo pè. Nígbà mìíràn, bí ó bá yí táyà iwájú, ọkọ̀ kì í yà. Imú rẹ̀ yóò forí lé ògiri. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, imú yà, ṣùgbọ́n ìdí fò jáde, ọkọ̀ yí po bí òòyì. Oògùn èkínní ni májèlé èkejì. Bí iwájú kò bá di ilẹ̀ mú, a ó mú kí sìpíríǹgì iwájú rọ̀ tàbí kí ti ẹ̀yìn le. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yìn ni kò di ilẹ̀ mú, a ó rọ ẹ̀yìn, a ó mú iwájú le, tàbí kí a pààrọ̀ ike tí ó di táyà ẹ̀yìn mú kí iwájú táyà méjèèjì lè dojú kọ ara wọn díẹ̀, irú ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń wò bí wọ́n bá ń ṣe àláìmẹ́ǹtì. Èmi ti ń wo agídí fún ẹni tí ń jùdí.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe rí orúkọ: ọkọ̀ alágídí, ọkọ̀ ajùdí. Lẹ́yìn náà ni mo tún béèrè pé, níbo ni ó ti ń jùdí? Nígbà tí ó ń wọ kọ́ọ̀nà ni, tàbí ní àárín rẹ̀, tàbí nígbà tí ó ń jáde? Ìdáhùn yàtọ̀, oògùn náà sì yàtọ̀. Ọkọ̀ wa ń ṣe agídí ní àwọlé, ó ń jùdí ní àjáde bí ọmọ bá ti tẹ iná lójijì. Èyí tí ó wà ní àjáde kì í tilẹ̀ ṣe ẹjọ́ ọkọ̀, ẹjọ́ ìka awakọ̀ ni. A ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, a sì fi í ṣe òfin pé ohun kan ṣoṣo ni a ó máa yí padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tí ó bá yí sìpíríǹgì àti òróró inú ṣọ́ọ̀kì padà lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èyí tí ó ṣe é lóore.

Masami Hirosaka, ọmọ ilẹ̀ Japan tí ó gba ife àgbáyé nínú eré-ìje yìí nígbà mẹ́rìnlá, bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 1987, bàbá rẹ̀ ni ó ń bá a tọ́jú ọkọ̀ rẹ̀. Mo máa ń ronú sí i. Bàbá kò sí nínú ìka ọmọ; ohun tí ọmọ bá rí ọ̀rọ̀ sọ ni bàbá lè fi ọwọ́ tún ṣe.

Àwa tí a ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Yorùbá, orúkọ nǹkan ni a ń lé kiri. Mo wà lára àwọn tí mo ń bá wí. Láti ọdún 1970 tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé èdè wa kò lè ṣe é. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ní orúkọ fún gbogbo ẹ̀yà ara ọkọ̀, tí kò sì ní ju "kò gbọ́ràn" lọ fún ohun tí ọkọ̀ náà ń ṣe, kò lè tọ́ ọ. Bí ìdánwò inú yàrá sáyẹ́ǹsì kò bá yọrí, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ohun tí àwọn ọmọ yín ń kọ sílẹ̀. "Kò ṣiṣẹ́." Báwo ni kò ṣe ṣiṣẹ́? Jùdí wà lẹ́nu wa láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé, agídí wà níbẹ̀. A kò rò pé wọ́n tó ọ̀rọ̀ ìmọ̀ ẹ̀rọ.

Olóòtú, mo rí i pé ẹ ti ń wo aago. Bí wọ́n bá lè bá wa sún tábìlì yẹn sẹ́yìn, a ó gbé ọkọ̀ náà sílẹ̀ kí ẹ fojú ara yín rí i. Ilẹ̀ ibí yìí ń dán ju àgbàlá wa lọ. Ní àárọ̀ yìí a ti mú kí sìpíríǹgì ẹ̀yìn rọ̀ sí i, síbẹ̀ n kò lè fi gbogbo ẹnu sọ pé kò ní jùdí. Ọmọ náà ló dúró lẹ́yìn kámẹ́rà yẹn. Ẹnu wà lọ́wọ́ rẹ̀.