Àwòrán Tí Fíláàṣì Bà Jẹ́: Èyí Tí A Lè Tún Ṣe àti Èyí Tí A Kò Gbọdọ̀ Tún Ṣe
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé ẹ̀ka)

Ọ̀rọ̀ àwòrán ni a fẹ́ sọ lónìí. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ eré ni, nítorí ẹ̀mí ènìyàn wà nínú rẹ̀. Àwòrán méjì ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

Àkọ́kọ́ ni èyí tí a yà nígbà tí a ń dágbére fún àwọn àgbà wa tó fẹ̀yìntì. Fèrèsé onígíláàsì wà lẹ́yìn wọn. Fíláàṣì kọ mànà, ó sì fi ojú funfun báláú kan sí ẹ̀yìn orí bàbá kan, bí ẹni pé òṣùpá yọ lọ́sàn-án. Èyí kò ṣòro. Ẹ ṣe ẹ̀dà àwòrán náà, kí ẹ sì ṣí ẹ̀dà yìí nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a kì í sanwó fún. Ẹ mú irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Clone. Ẹ di Ctrl mú, ẹ tẹ ibi tó dára lára gíláàsì náà, ẹ fi Ctrl sílẹ̀, kí ẹ wá máa fi kun ibi tó funfun díẹ̀díẹ̀. Bí etí rẹ̀ kò bá jọra, Heal yóò pa àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àyíká. Ó tán. Kò sí ẹni tí a fi èyí rẹ́ jẹ.

Èkejì ni èyí tó dùn wá. Nílé iṣẹ́ kan, àwọn ará wa rí i lóru pé abẹ́rẹ́ aago tó ń wọn agbára oru inú bọ́ílà ti kọjá ilà pupa. Wọ́n fi fóònù yà á. Nígbà tí a gbé àwòrán náà síwájú ọ̀gá, funfun báláú ló wà níbi tó yẹ kí abẹ́rẹ́ wà. Ọ̀gá ní, “Kí ni ẹ ń fi hàn mí?” A kò rí èsì fọ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú wa ní kí a jẹ́ kí òun fi kọ̀ǹpútà yọ funfun náà kúrò. A ní rárá. Ìdí rẹ̀ nìyí. Àmì kéékèèké ni àwòrán fóònù. Nínú irú èyí tó wọ́pọ̀, nọ́ńbà mẹ́ta, láti 0 dé 255, ló ń sọ àwọ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Níbi tí fíláàṣì ti bù ú pa, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti di 255. Abẹ́rẹ́ kò sí lábẹ́ rẹ̀ mọ́. Èyí tí a bá fi síbẹ̀, àwa la yà á, kì í ṣe kámẹ́rà. Bí irọ́ bá sì lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Lọ́jọ́ náà, wọn kò ní gba òtítọ́ wa gbọ́ mọ́.

Ohun tí a ṣe ni pé a padà lọ. A pa fíláàṣì, a dúró sí ẹ̀gbẹ́, ẹnì kan sì tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ kejì. Abẹ́rẹ́ hàn kedere. Wọ́n pa bọ́ílà náà lọ́jọ́ náà gan-an.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń ya gíláàsì, ẹ má ṣe dojú kọ ọ́ gbọnran, nítorí iná ń ta padà bí bọ́ọ̀lù tó ba ògiri. Ti nọ́ńbà ọkọ̀ yàtọ̀, ẹ̀yin awakọ̀: ohun tí a fi ṣe é ń dá iná padà sọ́dọ̀ ẹni tó tàn án, bí ó tilẹ̀ dúró sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ṣáà pa fíláàṣì. Ẹ yà ju ẹyọ kan lọ, láti òkèèrè àti nítòsí. Ẹ má ṣe fọwọ́ kan ojúlówó rẹ̀, nítorí ọjọ́ àti wákàtí wà nínú rẹ̀.

Ẹ tún ẹ̀yìn àwòrán àríyá ṣe bó ti wù yín. Àwòrán ẹ̀rí, ẹ tún un yà.

Ìṣọ̀kan wa ni agbára wa.