Ẹ̀ka Mẹ́ta fún Ọ̀ṣọ́ Ilé



Bí a bá ń bẹ ilé wò ní ibùdó yìí, ohun tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Ilé kọ́ nìyí; bí a bá padà délé, a ó tún ilé ṣe." Ṣùgbọ́n ibí ni àwọn ọmọ wa ń dàgbà sí. Ilé tí wọn yóò rántí nìyí. Ẹ jẹ́ kí a ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́ báyìí, láìná kọ́bọ̀.

Àwọn ará Japan ní ọ̀nà kan tí wọ́n ń gbà to òdòdó. Ikebana ni wọ́n ń pè é. Ó ti lé ní 500 ọdún tí wọ́n ti ń ṣe é. Wọn kì í di òdòdó jọ bí ìdì ẹ̀fọ́. Ẹ̀ka mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ rẹ̀, àyè tó ṣófo láàárín wọn sì jẹ́ ara ẹwà. Ní 1927, Sofu Teshigahara dá ilé-ẹ̀kọ́ Sogetsu sílẹ̀, níbi tí a ti ń lo igi gbígbẹ, òkúta àti irin pẹ̀lú òdòdó.

Ẹ wá abọ́ tó fẹ̀ tí kò jìn, ìbáà jẹ́ ìdí ìkòkò tó fọ́. Ẹ ká àjákù wáyà ilé adìyẹ sínú rẹ̀, kí ẹ fi òkúta tẹ̀ ẹ́, kí ẹ bu omi sí i. Ẹ ro fífẹ̀ abọ́ pọ̀ mọ́ jíjìn rẹ̀, kí ẹ fi ìdajì rẹ̀ kún un: gígùn ẹ̀ka kìíní nìyẹn. Bí fífẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì 13, tí jíjìn jẹ́ 3, ẹ̀ka kìíní yóò jẹ́ 24, ìkejì 18, ìkẹta 9. Kí ìkíní dúró, kí ó fì díẹ̀. Kí ìkejì dagun sósì. Kí ìkẹta tẹ̀ síwájú lápá ọ̀tún. Pèrègún dára fún ìkíní, ẹ̀ka gbígbẹ tàbí orí ọkà bàbà fún ìkejì, òdòdó àgbàlá fún ìkẹta. Inú omi ni kí ẹ ti gé ìdí èyí tó tutù, kí afẹ́fẹ́ má baà dí i.

Ẹ kíyè sí nǹkan mẹ́ta. Ẹ máa pààrọ̀ omi ní ọjọ́ méjì-méjì, kí ẹ̀fọn má baà pamọ síbẹ̀. Ewéko tí oje rẹ̀ ń ta ojú, ẹ má mú un wọlé nítorí ọmọdé. Pèrègún tó wà lójú ààlà tàbí ojúbọ àwọn onílẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ìjà ilẹ̀ kò yẹ àlejò.

Ẹ ṣe é pẹ̀lú àwọn ọmọ. A ó máa yà wò ó. Ire o.