Ọjọ́ Orí Ẹlẹ́rìí Níbi Ìgbéyàwó

Ìbéèrè kan wà tí àwọn òbí máa ń bi wá nígbà tí ìgbéyàwó ọmọ wọn bá kù sí dẹ̀dẹ̀: ǹjẹ́ ọmọ ọdún 17 lè fi ọwọ́ sí ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, àbí dandan ni kí ó pé ọdún 21? Nígbà mìíràn a máa di àríyànjiyàn láàárín ẹbí ọkọ àti ẹbí ìyàwó.

Láyé àwọn bàbá wa, ẹnikẹ́ni kì í ka ọdún ẹlẹ́rìí. Ta ni ó tilẹ̀ mọ iye ọdún ara rẹ̀? Ẹni tí a bí nígbà ogun Kírìjì, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, mọ̀ pé òun ṣe ẹ̀gbọ́n fún ẹni tí a bí nígbà tí rélùwéè dé Òṣogbo, ìyẹn sì tó. Ipò ẹni nínú ẹbí ni àwọn àgbà ń wò. Alárenà ni ẹlẹ́rìí kìn-ín-ní, nítorí òun ni ó mọ bí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni baálé àti àwọn ìyàwó ilé tí ìdáná ṣe ojú wọn. Àwọn ọmọdé wà níbẹ̀, wọ́n jẹ nínú obì àti oyin (nínú oyin jù lọ), ṣùgbọ́n bí ìjà bá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, a kì í pè wọ́n kí wọ́n wá jẹ́rìí.

Níbi tí àwọn Mùsùlùmí bá ti ń so yìgì, ọkùnrin méjì tí wọ́n ní làákàyè tí wọ́n sì ti bàlágà ni wọ́n ń fẹ́. Bíbàlágà ni òṣùwọ̀n níbẹ̀.

Òfin Ìgbéyàwó ti 1914, tí ó wà fún ṣọ́ọ̀ṣì tí ìjọba fún ní àṣẹ àti fún ọ́fíìsì akọ̀wé ìgbéyàwó, béèrè ẹlẹ́rìí méjì, yàtọ̀ sí ẹni tí ń so tọkọtaya pọ̀. Mo ti ka ibẹ̀ léraléra: kò dárúkọ ọdún kankan fún ẹlẹ́rìí. Ọdún 21 tí à ń gbé kiri, ti ọkọ àti ìyàwó ni. Ẹni tí kò bá tíì pé 21, tí kì í sì í ṣe opó, gbọ́dọ̀ mú ìwé ìyọ̀ǹda bàbá rẹ̀ wá. Láti 2003 ni Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé sì ti sọ pé ẹni tí kò pé 18 kò gbọdọ̀ ṣe ìgbéyàwó rárá. Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sọ iye ọdún ẹlẹ́rìí, ṣùgbọ́n àwọn ará Scotland ní tiwọn, láti 1977, ní kí ó pé 16.

Ṣé a lè wá fa ọmọ ọdún mẹ́jọ síwájú? Ẹ wo ohun tí ẹlẹ́rìí wà fún. Bí ọkọ bá kú, tí àwọn ará ilé rẹ̀ bá sọ fún opó pé àwọn kò mọ̀ ọ́n ní ìyàwó, ìwé ẹ̀rí ni yóò kọ́kọ́ gbè é, lẹ́yìn náà ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ wà nínú ìwé náà. Òfin Ẹ̀rí ti 2011 kò gbà kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 14 búra ní ilé-ẹjọ́.

Ti àgbàlagbà ni ó tilẹ̀ ń kọ mí lóminú jù. A máa ń fún ìyá àgbà ẹni 80 ọdún ní kálàmù nítorí ọlá. Iyì ni, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti rí wọn ní ogún ọdún sí i? Ẹ jẹ́ kí ìyá àgbà súre, kí ẹ sì mú ẹnì kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ti dàgbà tí kò sì tíì darúgbó, tí ó mọ tọkọtaya dáadáa.

Bí ṣọ́ọ̀ṣì yín bá ní òfin tirẹ̀ pé 18 tàbí 21 ni òun ń fẹ́, ẹ béèrè ṣáájú ọjọ́ náà. Kí ẹ sì rántí pé láàárín agogo mẹ́jọ òwúrọ̀ sí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni òfin fi àyè gba ìsopọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ilẹ̀kùn ní ṣíṣí. Ti ọ́fíìsì akọ̀wé, agogo mẹ́wàá sí mẹ́rin ni.